Ọ̀rá ìbora asúnkì fún ọkọ̀ òfurufú àwòṣe

Ọ̀rá ìbora asúnkì jẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ike ṣe, tí ó ní gọ́ọ̀mù gbígbẹ ní ojú rẹ̀ kan, tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ òfurufú àwòṣe máa ń fi bo ìyẹ́, ìrù àti ara ọkọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ooru díẹ̀ ni ó ń yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ó lè lẹ̀ mọ́ igi. Ooru tó ju ìyẹn lọ ni ó ń mú kí ọ̀rá fúnra rẹ̀ súnkì títí yóò fi le bí awọ ìlù. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ọ̀rá yìí ni ó di awọ ọkọ̀ náà: òun ni afẹ́fẹ́ ń gbá, òun ni ó ń fún ìyẹ́ ní ìrísí tí ó fi lè fò, òun kan náà sì ni ó ń fún ọkọ̀ ní àwọ̀ tí ẹni tó ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀ fi ń mọ̀ bóyá ó dojú dé tàbí kò dojú dé.

Láti àwọn ọdún 1960 ni irú ìbora yìí ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ó gba ipò lọ́wọ́ bébà, ṣẹ́dà àti ọ̀dà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lò ṣáájú.

Ìtàn

Aṣọ ni a kọ́kọ́ fi ń bo ọkọ̀ òfurufú gidi. Aṣọ òwú ni àwọn ọmọ ìyá Wright fi bo ìyẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fò ní ọdún 1903. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, aṣọ ọ̀gbọ̀ ni ó wọ́pọ̀, wọ́n sì máa ń kun ún ní ọ̀dà kan tí a fi sẹ́lúlóòsì ṣe. Bí èròjà olómi inú ọ̀dà náà bá ti ń gbẹ, ọ̀dà á máa súnkì, á sì máa fa aṣọ le. Iṣẹ́ náà ní ewu. Ọ̀dà tí a fi sẹ́lúlóòsì náítíréètì ṣe máa ń gbiná kíákíá. Ní ilẹ̀ Britain, èéfín tẹtiraklóróẹ́tẹ́ẹ̀nì inú irú ọ̀dà mìíràn ba ẹ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú jẹ́, ó sì pa díẹ̀ nínú wọn.

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ àwòṣe tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lò fún ọkọ̀ kékeré, ṣẹ́dà sì ni fún èyí tó tóbi. Wọ́n á fi omi tàbí ọ̀dà rẹ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fi sáńpépà ha á, wọ́n á tún kun ún. Ó lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ kí ìyẹ́ kan tó parí, òórùn ọ̀dà á sì gba gbogbo ilé kan.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà wá láti inú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì. Ní ọdún 1941, John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Calico Printers' Association ní ìlú Manchester, gba ìwé ẹ̀rí fún ike tí a ń pè ní polyethylene terephthalate, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí pọ́líẹ́sítà. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ń ta irú ike yìí tí a ti nà di ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lábẹ́ orúkọ Mylar. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Top Flite ní Amẹ́ríkà gbé MonoKote jáde: ọ̀rá pọ́líẹ́sítà tí àwọ̀ àti gọ́ọ̀mù ti wà lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ní áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo lè bo ìyẹ́ kan láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, láìsí òórùn ọ̀dà. Ní ilẹ̀ Britain, Solarfilm di ọ̀rá tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ náà mọ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, Oracover ni ó gbajúmọ̀. Ọ̀rá yìí kan náà ni a ń tà ní Amẹ́ríkà lábẹ́ orúkọ UltraCote.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀rá yìí ní ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rá ike fúnra rẹ̀. Èkejì ni àwọ̀, tí ó sábà máa ń wà ní abẹ́ ọ̀rá tàbí nínú gọ́ọ̀mù, kí afẹ́fẹ́ àti epo má baà bó o. Ẹ̀kẹta ni gọ́ọ̀mù gbígbẹ tí kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí kò bá tíì gbóná. Ọ̀rá mìíràn tí kò láwọ̀ ni a fi ń bo ojú gọ́ọ̀mù náà títí di ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó.

Ohun tó ń mú un súnkì ni ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n á mú ike náà gbóná díẹ̀, wọ́n á nà án sí òró àti sí ìbú, wọ́n á sì mú un tutù nígbà tó ṣì nà bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó para pọ̀ di ike náà kò ráyè ká padà sí ìrísí tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Bí a bá tún mú ọ̀rá náà gbóná, àyè ṣí sílẹ̀ fún wọn láti ká, ọ̀rá á sì kúrú. Nítorí náà, sísúnkì ọ̀rá yìí yàtọ̀ sí ti awọ ẹran. Nígbà tí onílù bá yá ìlù rẹ̀ níná, omi inú awọ ni ó ń gbẹ, bí omi bá sì tún wọ̀ ọ́, ìlù á tún dẹ̀. Omi kì í wọ pọ́líẹ́sítà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sísúnkì rẹ̀ ní òpin, ọ̀rá tó bá sì ti súnkì dé òpin kò ní èyí tó kù láti fi fà mọ́.

Ìwọ̀n ooru méjì ni ó ṣe pàtàkì. Gọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rá pọ́líẹ́sítà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ní nǹkan bíi 90 sí 110 °C. Ọ̀rá náà súnkì dáadáa ní nǹkan bíi 150 sí 180 °C. Àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹni tó bá fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù lẹ ọ̀rá mọ́ etí ìyẹ́ á rí i pé ó ti ń súnkì kí ó tó lẹ̀, á fà kúrò níbi tí a fẹ́ kó wà, á sì ká jọ.

Irú ọ̀rá tó wà

Ọ̀rá pọ́líẹ́sítà ni ó lágbára jù, tí ó sì ń fara da ooru jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọn nǹkan bíi 50 sí 75 gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan. Àwọ̀ tó pọ̀ ni ó ń mú kí òmíràn wúwo ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn kan wà tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ṣe fún ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì.

Ọ̀rá pọ́lípírópílínì, irú èyí tí wọ́n fi ṣe Solarfilm, rọ̀ ju pọ́líẹ́sítà lọ, ó sì rọrùn láti tẹ̀ yí ibi tó ní kọ́nà ká, ṣùgbọ́n kò lè fara da ooru púpọ̀, áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù á sì dá ihò sí i lára lójú kan náà.

Aṣọ asúnkì wà pẹ̀lú, tí a fi fọ́nrán pọ́líẹ́sítà hun. Ó wúwo ju ọ̀rá lọ, kò sì tètè ya. Àwọn tó fẹ́ kí ọkọ̀ wọn jọ ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ìlànà yìí kò sì mọ sí ọkọ̀ àwòṣe nìkan: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré tí ènìyàn ń wọ̀ ni a fi aṣọ pọ́líẹ́sítà bò, tí a sì fi áyọ́ọ̀nù mú súnkì.

Ìwọ̀n ìwúwo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ẹ jẹ́ kí á mú ìyẹ́ kan tó gùn ní mítà 1.5, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Ojú rẹ̀ kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 0.375, òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ di 0.75. Ọ̀rá tó wọn 60 gíráàmù á fi gíráàmù 45 kún ìyẹ́ náà. Èyí tó wọn 40 á fi 30 kún un. Lórí ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì, ìyàtọ̀ gíráàmù 15 yìí hàn nínú bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀run. Bí ó bá jẹ́ orí ìrù ni ó wà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìrù jìnnà sí ibi tí ìwúwo ọkọ̀ ti dọ́gba, ẹrù tó tó ìlọ́po mélòó kan ni a ó sì fi sí imú ọkọ̀ kí ó tó lè dọ́gba padà.

Ohun èlò

Áyọ́ọ̀nù kékeré olórí ṣóńṣó ni a ṣe fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tí kò ní ihò omi lè ṣe é. A máa ń fi aṣọ òwú rírọ̀ wé ojú rẹ̀ kí ó má baà ha ọ̀rá. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná wúlò fún ibi tó tẹ́jú gbalaja àti ibi tó ní kọ́nà. Bíléèdì tuntun, rúlà irin, sáńpépà, abẹ́rẹ́ àti aṣọ tí kì í bó ni ìyókù. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnì áyọ́ọ̀nù kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí a ń gbé lé ojú áyọ́ọ̀nù ni ó ń sọ òtítọ́. Ẹni tí kò bá ní i lè fi ègé ọ̀rá kékeré dán an wò lórí igi tí kò wúlò: kí ó wá ìwọ̀n tí ọ̀rá ti ń lẹ̀ láìsúnkì, kí ó sì sàmì sí i.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́

Ìmúra. Igi bálísà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wá láti orílẹ̀-èdè Ecuador, ni a sábà máa ń fi kan egungun ọkọ̀ àwòṣe. Ọ̀rá kì í bo àbùkù mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó gbẹ sórí igi, ihò kékeré àti ibi tí kò dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ni yóò hàn lójú ọ̀rá. Nítorí náà a ó fi sáńpépà ha igi títí yóò fi dán, a ó sì gbá gbogbo eruku kúrò, torí pé orí eruku ni gọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́, kì í ṣe orí igi. Bí ìyẹ́ bá ní àwọn iyàrá kéékèèké tí a dí pa, a gbọ́dọ̀ lu ihò kékeré sára igi tó là wọ́n láàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn inú wọn á wú nígbà tí ooru bá kàn án, á sì ti ọ̀rá sókè.

Gígé. A ó gé ọ̀rá kí ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 tóbi ju ibi tí a fẹ́ bò lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ lè rí ibi dì mú. A ó wá ya ọ̀rá aláìláwọ̀ kúrò lójú gọ́ọ̀mù.

Ètò. Ìsàlẹ̀ ìyẹ́ ni a kọ́kọ́ ń bò, lẹ́yìn náà ni òkè, kí ojú ìpàdé méjèèjì má baà hàn sókè. Bí a bá ní láti so ègé ọ̀rá púpọ̀ pọ̀, láti ẹ̀yìn lọ sí iwájú ni a ó ti máa bò ó, bí a ti ń to páànù òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: etí tó wà lókè gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ má baà rí abẹ́ rẹ̀ wọ̀. Mílímítà 6 tó fún ìpàdé kan. Ọ̀rá dúdú ni a ó gbé lé orí èyí tó mọ́lẹ̀, nítorí dúdú á hàn lábẹ́ funfun. Ìpàdé kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí ibi tí kò ti sí igi lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rá bá ń súnkì, á fà á ya.

Lílẹ̀. Pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tó wà ní ìwọ̀n ooru ti ìsàlẹ̀, a ó lẹ ọ̀rá mọ́ ojú kan ní àárín ìdí ìyẹ́, a ó fà á díẹ̀, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣóńṣó ìyẹ́. A ó ṣe bákan náà fún etí iwájú àti etí ẹ̀yìn, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbà tí kò bá sí ìwúnjọ ńlá mọ́ ni a ó wá fi áyọ́ọ̀nù tẹ gbogbo etí rẹ̀ pa yíká, tí a ó sì gé èyí tó ṣẹ́ kù. Kò pọn dandan kí ojú ọ̀rá ti le ní àkókò yìí. Etí rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ dì dáadáa, nítorí òun ni yóò gba gbogbo agbára ìfà náà.

Mímú un súnkì. A ó wá mú ooru lọ sókè. A ó máa gbé áyọ́ọ̀nù kọjá láìdúró lójú kan, a kò sì ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí kò ti sí igi. Díẹ̀ díẹ̀ ni: òkè díẹ̀, ìsàlẹ̀ díẹ̀, apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀.

Ìyẹ́ tó lọ́

Ohun tó wà nídìí ètò «díẹ̀ díẹ̀» yìí ni agbára ọ̀rá fúnra rẹ̀. Egungun ìyẹ́ bálísà tí a kò tíì bò ṣe é fi ọwọ́ lọ́ bí ẹni lọ́ aṣọ tútù. Bí ọ̀rá òkè bá súnkì ṣáájú ti ìsàlẹ̀, tàbí kí apá kan gba ooru ju èkejì lọ, ìyẹ́ á lọ́, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Lójú, ó lè máà ju mílímítà mélòó kan lọ. Lójú ọ̀run, ọkọ̀ náà á máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí eré rẹ̀ bá wálẹ̀, bóyá nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀, apá kan á pàdánù agbára tó ń gbé e sókè ṣáájú èkejì, ọkọ̀ á sì dorí kodò ní ibi tó sún mọ́ ilẹ̀ jù láti tún un ṣe.

Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn. A ó gbé ìyẹ́ lé orí tábìlì tó tẹ́jú, tàbí kí a dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí a sì wo bí etí ẹ̀yìn ṣe bá etí iwájú dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó. Bí ó bá lọ́, a ó rọra fi ọwọ́ lọ́ ọ sí òdìkejì kọjá ibi tó yẹ, a ó mú ọ̀rá òkè àti ti ìsàlẹ̀ gbóná bí ó ti wà bẹ́ẹ̀, a ó sì jẹ́ kó tutù kí a tó tú u sílẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni a fi ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ìyẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Bí etí ẹ̀yìn ṣóńṣó apá méjèèjì bá gbé sókè díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìdí ìyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdánù agbára nígbà tí eré bá kéré, ṣóńṣó á sì ṣì wà lábẹ́ ìdarí. Ọkọ̀ tó bá rí bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́ dípò kí ó yí dànù.

Ewu àti ìṣọ́ra

Ewu tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù. Ti bíléèdì ni. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń so ìrù mọ́ ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kan igi gan-an, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí náà ó di dandan kí a ṣí ọ̀rá kúrò ní àárín ìrù. Ẹni tó bá fi bíléèdì gé e lórí igi lè fa ilà wọ inú bálísà láìmọ̀. Ilà náà kò hàn nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀. Níbi tí ìrù ti ń ru ẹrù jù ni ó wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìrù á ti ṣẹ́ lójú ọ̀run. Ọ̀nà tó dára jù ni kí a fi ṣóńṣó irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé yọ́ ọ̀rá lójú ilà, tàbí kí a ti wọn ọ̀rá kí a sì gé e kí a tó lẹ̀ ẹ́ rárá.

Fóòmù nílò ìṣọ́ra tirẹ̀. Fóòmù pọ́lísítáírínì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bíi 100 °C, ìyẹn ni pé ooru tó ń mú ọ̀rá pọ́líẹ́sítà súnkì á yọ́ ọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń lẹ̀ ní ìwọ̀n ooru kékeré ni a ń lò fún un. A kò sì gbọ́dọ̀ fi ásítóònù nu ọ̀rá tó wà lórí fóòmù, nítorí ó máa ń yọ́ fóòmù náà dànù.

Ó yẹ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí nígbà iṣẹ́, kí ọmọdé má sì sún mọ́ áyọ́ọ̀nù. Ike tó bá jóná lára áyọ́ọ̀nù máa ń lẹ̀ mọ́ ara ènìyàn, ó sì máa ń jó o ju irin gbígbóná lásán lọ.

Ìtọ́jú àti àtúnṣe

Oòrùn máa ń tú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tí a fi sínú mọ́tò tí a ti fèrèsé rẹ̀ lè jáde pẹ̀lú ìwúnjọ ní gbogbo ara, nítorí igi àti ọ̀rá kì í wú tàbí súnkì ní ìwọ̀n kan náà. Àwọ̀ dúdú ń gba ooru oòrùn ju àwọ̀ funfun lọ. Ìwúnjọ kékeré máa ń lọ bí a bá tún fi áyọ́ọ̀nù kàn án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ tún yẹ ìyẹ́ wò bóyá ó ti lọ́.

Epo ẹ́ńjìnì kékeré, tí a fi mẹ́táánọ́ọ̀lù àti epo lárà tàbí òróró àtọwọ́dá pò, máa ń wọ abẹ́ etí ọ̀rá, á sì tú u. Ọtí ìfọgbẹ́ ni a fi ń nù ún kí a tó tún un lẹ̀. Igi tí epo bá ti wọ̀ ṣòro láti tún lẹ̀, nítorí náà ìdènà ni ó sàn jù: kí a tẹ gbogbo etí pa, pàápàá ní iwájú, níbi ẹ́ńjìnì.

Ihò kékeré ṣe é fi ègé ọ̀rá olóbìrìkìtì lẹ̀ pa. Igun mímú lára ègé náà ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ọkọ̀ bá ti já lulẹ̀, ọ̀rá lè wà ní pípé nígbà tí igi abẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ́. Kí a tó tún fò ó, ó yẹ kí a fi ọwọ́ tẹ ìyẹ́ wò láti ìdí dé ṣóńṣó, kí a sì tẹ́tí sí ìró igi. Níbi tí a bá ti fura, a ó ṣí ọ̀rá náà, a ó sì wo egungun rẹ̀.

Ìfiwéra pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́

Bébà àti ṣẹ́dà tí a kun ní ọ̀dà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọ̀dà máa ń wọ inú igi, ó sì máa ń so aṣọ pọ̀ mọ́ egungun di ohun kan. Ìyẹ́ tó bá jáde nínú rẹ̀ kì í tètè lọ́, ó sì le ju èyí tí a fi ọ̀rá bò lọ. Ọ̀rá, ní tirẹ̀, orí igi lásán ni ó lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ kékeré tó fúyẹ́ gidigidi fi ṣì ń lo bébà, tí àwọn mìíràn sì ń fi bébà bo igi kí wọ́n tó fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀rá borí ní ti àsìkò, ìmọ́tótó àti ìrọ̀rùn àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ ti kan egungun tó lè dá dúró fúnra rẹ̀.